Ìsọ̀kalẹ̀ Grand Canyon máa ń tanni jẹ
Ẹ̀yin tọkọtaya tó fẹ́ wa ọkọ̀-ilé lọ sí Grand Canyon, àfonífojì jíjìn tó wà ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lóṣù Keje, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá fi wákàtí kan sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bright Angel, ẹ fi méjì sílẹ̀ fún gígòkè. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ wà. Ooru ìsàlẹ̀ lè kọjá 40°C. Omi nìkan ò tó o! Ẹni tó ń làágùn, tó ń mu omi ṣáá láìjẹ nǹkan oníyọ̀, iyọ̀ ara rẹ̀ á já wálẹ̀, á máa bì, iyè rẹ̀ á sì dàrú. Ẹ máa jẹ ẹ̀pà oníyọ̀ sí i. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi yín bá ti tán, ẹ yí padà. Ẹni tó ti rẹ̀ jù ni kó ṣíwájú.