Omi bo títì: ìbéèrè àwọn awakọ̀ Òṣogbo àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Ìkìrun ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀. Kí n tó wọ Òṣogbo, omi ti bo títì. Kòròpé kan kọjá níwájú mi, lèmi náà bá tẹ̀ lé e. Àárín omi ni ẹ́ńjìnnì kú sí. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, "kọ̀" kan ló dún, kò sì yí mọ́. Kí ló ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọpẹ́ ni pé kò mú ẹ̀mí lọ. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ bó ṣe ń mu epo. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ yẹn kò ga rárá, ẹ̀yìn iná iwájú ló wà. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú sílíńdà ló ń lọ. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kì í gbà. Písítìnì á kọlu omi, irin tó gbé e á sì tẹ̀. "Kọ̀" tí ẹ gbọ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nígbà tó kọ́kọ́ kú, nǹkan kan ò tíì bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń yí ló dá kún un.

Ẹ má yí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í kúrò nínú omi, kí ẹ sì yọ orí bátìrì. Kí mẹkáníìkì tú gbogbo púlọ́ọ̀gì kó tó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, kí omi lè tú jáde. Kó wo fílítà afẹ́fẹ́; tó bá ti rin, omi wọlé nìyẹn. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ílì yọ: tí ọ́ílì bá ti funfun bí ògì, ẹ dà á nù, ẹ rọ òmíràn kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì. Kí wọ́n yẹ ọ́ílì jíà náà wò.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ omi tó ṣeé gbà kọjá?

Ìdáhùn: Kòròpé tó kọjá kì í ṣe ẹ̀rí. Omi tó bá ń ṣàn, ẹ má kó sí i. Èyí tó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà péré lè gbé mọ́tò kékeré kúrò nílẹ̀. Tó bá di 60, ó lè gbé jíìpù lọ. Nígboro Òṣogbo, gọ́tà tí kò ní ìdérí tún wà ńbẹ̀. Bí àgbàrá bá ti bò ó pọ̀ mọ́ títì, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa ń rí, ẹsẹ̀ mọ́tò á kàn já sínú ẹ̀ ni. Ẹ wo táyà mọ́tò tó bá dúró síbẹ̀. Tí omi bá ti dé àárín ríìmù, ẹ yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé ilé yín lẹ̀ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn.

Omi tó dúró, tí kò sì tó bẹ́ẹ̀: àárín títì, jíà kìn-ín-ní, ẹ má sáré, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ẹ jẹ́ kí ẹni iwájú jáde tán kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ máa rọra tẹ bíréèkì títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì máa mú.

Ìbéèrè: Bíréèkì mi dáa, síbẹ̀ mọ́tò yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́nà Gbọ̀ngán. Mi ò ju 90 lọ o.

Ìdáhùn: Nínú òjò, eré ni 90 àbúrò. Omi ti wà láàárín táyà àti ọ̀dà, kò sí ohun tí bíréèkì máa dì mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di sítíárìn mú gbọin, ẹ má já bíréèkì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo táyà. Ilà ara rẹ̀ ló ń lé omi. Tí kò bá ti jìn tó mílímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó wọlé dáadáa. Tòkunbọ̀ lè ní ilà tó jìn, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT tí wọ́n kọ sára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ẹni tó ń tà á bá ti họ nọ́ńbà náà dànù, ẹ fi táyà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè: Gíláàsì ń ṣú látinú nígbà òjò.

Ìdáhùn: Ẹ tan ẹ́sì (A/C), ẹ darí rẹ̀ sí gíláàsì. Èémí yín ló ń ṣú u, ẹ́sì ló ń gbẹ ẹ́.

Ìbéèrè: Tí òjò tàbí ọyẹ́ bá dí ojú ọ̀nà, ṣé kí n tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú?

Ìdáhùn: Rárá, tẹ́ ẹ bá ṣì ń lọ. Ẹni ẹ̀yìn ò ní mọ̀ bóyá ẹ dúró tàbí ẹ fẹ́ yà. Iná iwájú tó rẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ tàn. Tí mọ́tò bá dákú, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tan tó ń ṣẹ́jú, kẹ́ ẹ gbé C-caution jìnnà sẹ́yìn, torí ewé tá a máa ń já sílẹ̀ kò hàn lóru. Kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kúrò létí títì, kẹ́ ẹ wá pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sórí 122.