Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun ní búkà kó tó fọwọ́ kan ìkòkò

Ọmọ tó mọ ọbẹ̀ sè nílé ìyá rẹ̀ kò tíì mọ oúnjẹ títà. Nílé, àwọn ará ilé nìkan ló máa jẹ ẹ́, ọbẹ̀ á sì tán kílẹ̀ tó ṣú. Ní búkà tó wà ní Under G tàbí Tákìé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, ìkòkò kan ṣoṣo lè bọ́ ogunlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí àṣìṣe bá wọ ìkòkò yẹn, gbogbo wọn ló máa gbé e lọ sílé. Nítorí náà, ọmọ tuntun kì í dé ìdí ààrò lọ́dọ̀ mi títí tí yóò fi mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í. Ẹ rán an lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn kó tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀, torí àwọn wolé-wolé lè béèrè rẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ má wò ó pé ara rẹ̀ le. Ẹnìkan lè gbé kòkòrò ibà táífọ́ọ̀dù kiri láìmọ̀. Alásè kan wà ní New York tó ń jẹ́ Mary Mallon, tó ń kó ibà yìí ran àwọn tó ń dáná fún, tí kò sì gbà pé òun ń ṣàìsàn rárá. Wọ́n sé e mọ́ lọ́dún 1907, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1910 pé kó má dáná fún ẹlòmíràn mọ́, ìdí ààrò ilé ìwòsàn àwọn aboyún ni wọ́n tún bá a lọ́dún 1915. Ibi tí wọ́n sé e mọ́ ló kú sí lọ́dún 1938.

Ẹ sọ fún un pé bó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, kó dúró sílé títí yóò fi pé wákàtí 48 lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ owó ọjọ́ yẹn. Ọmọ tẹ́ ẹ bá yọ owó rẹ̀ máa fi àìsàn pamọ́ nígbà míì, ìdí ọbẹ̀ ló sì máa fi í pamọ́ sí.

Aṣọ mímọ́, ìborí tó bo gbogbo irun, èékánná gígé, kò sí òrùka. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní pílásítà, kó sì wọ ìbọ̀wọ́ lé e. Ìyẹn ò ṣòro.

Ọwọ́ fífọ̀ ló kàn, ẹ̀tàn sì wà níbẹ̀, nítorí gbogbo wọn ló rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Bí omi bá wà nínú abọ́ kan tí gbogbo ọwọ́ ń rì bọ̀, ìdọ̀tí ni wọ́n ń pín fúnra wọn. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn. Ẹ kò nílò báséènì olówó ńlá, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ tó, kẹ́ ẹ gbé e ka orí àpótí, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ síbẹ̀. Kó fi ọṣẹ fọ àárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́ àti abẹ́ èékánná fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ó kéré tán, kó sì fi bébà nu ún. Èmi ò fẹ́ rí aṣọ ìnuwọ́ tó ń rọ̀ síbẹ̀ láti àná.

Ẹ dúró wò ó níṣẹ́. Ọmọ náà á gba owó, á fi ọwọ́ kan náà mú ẹran. Á tọ́ ọbẹ̀ wò lórí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á sì tún gbá ìgbakọ mú. Èyí tó burú jù lọ: náílọ́ọ̀nù àmàlà lè má tètè ṣí, á fi itọ́ tọ́ ìka, tàbí kó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè là, lẹ́yìn náà ló máa bu àmàlà sínú atẹ́gùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa gba owó, kí ẹlòmíràn máa bu oúnjẹ. Bí ẹ bá jẹ́ méjì péré, ẹni tó ń bu oúnjẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó rárá, kí oníbàárà ju tirẹ̀ sínú ike. Àwọn náílọ́ọ̀nù náà, ẹ là wọ́n ní àárọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, kẹ́ ẹ dé wọn mọ́ inú rọ́bà. Ṣíbí kékeré ni kó fi máa tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ṣíbí náà sì lọ tààrà sínú abọ́ ìfọ̀.

Pátákó ẹran tútù yàtọ̀ sí ti ata àti àlùbọ́sà, ọ̀bẹ náà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ẹyọ kan, ata ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà ẹran, kẹ́ ẹ wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìjábẹ̀ ewédú ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ewé máa ń há sí ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti dì í, ibẹ̀ ló máa ń rà sí. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é nínú omi híhó, ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ sì ra tuntun bó bá ti ń yọ òórùn. Kò wọ́n.

Wàyí o, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọsẹ̀: ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù lálẹ́. Wọ́n ń ki wa pé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ọkà gan-an sì ṣọ̀wọ́n láti pa ẹnikẹ́ni lára, torí gbígbóná la ń rò ó, gbígbóná la ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń dúró nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ká ṣọ́ra fún: ọbẹ̀ ata, gbẹ̀gìrì, ìrẹsì.

Mo ti rí i ní búkà púpọ̀. Wọ́n á pa iná, wọ́n á dé ìkòkò ńlá, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀, wọ́n á lọ sùn. Láàárọ̀, wọ́n á gbé e kaná, á hó, wọ́n á ní iná ti pa gbogbo ẹ̀. Irọ́ ni. Láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i, àwọn kan lè di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú bíi 20. Ìkòkò ńlá tẹ́ ẹ dé pa, àárín rẹ̀ ṣì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí àkùkọ bá kọ. Àwọn kòkòrò mìíràn wà, irú Bacillus cereus inú ìrẹsì, tó jẹ́ pé inú èèpo líle tí iná ìdáná kì í sábà pa ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á sùn síbẹ̀ bí irúgbìn nínú ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí oúnjẹ bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á jí. Májèlé tí wọ́n máa tú sínú ìrẹsì yẹn, bẹ́ ẹ sè é di ọ̀sán, kò ní kúrò. Òórùn rẹ̀ lè dára, adùn rẹ̀ lè pé, kí èébì sì mú ẹni tó jẹ ẹ́.

Nítorí náà, wákàtí méjì péré lẹ ní lẹ́yìn tí iná bá kú. Ẹ kó ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, torí ó ń di ooru mú. Ẹ pín ọbẹ̀ náà sínú àwọn abọ́ irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó má jìn ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Ẹ má lo rọ́bà, ooru kì í tètè jáde nínú rẹ̀. Ẹ gbé àwọn abọ́ náà sínú bàsíà omi tútù, kẹ́ ẹ kó píọ́ọ̀ wọ́tà tó ti dì yí wọn ká (ìta abọ́ o, kì í ṣe inú ọbẹ̀), kẹ́ ẹ máa fi ìgbakọ mímọ́ rò ó. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì lé e nítorí eṣinṣin, ẹ má dé e pa. Bó bá ti tutù ni kẹ́ ẹ gbé e wọ fíríìjì. Ẹni tó bá gbé odindi ìkòkò gbígbóná wọ firísà ti mú kí gbogbo oúnjẹ ibẹ̀ yọ́, àárín ìkòkò náà kò sì ní tutù.

Iná mànàmáná ńkọ́? Èmi kì í tọ́jú ọbẹ̀ di ọ̀la bí kò bá sí iná, tí yìnyín kò sì sí nílẹ̀. Mo máa ń pín in fáwọn ọmọ iṣẹ́ nígbà tó ṣì gbóná kí wọ́n lọ jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì máa ń se ìwọ̀nba lọ́jọ́ kejì. Ìrẹsì tó bá ti kọjá wákàtí méjì nílẹ̀, mo ń dà á nù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń dà á nù.

Lọ́sàn-án, kí oúnjẹ tó wà fún títà ju 60 Celsius lọ. Tẹmómítà tí wọ́n ń tì bọ oúnjẹ ni mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ẹ fi iná èédú kékeré sábẹ́ ọbẹ̀ kí ooru máa yọ lójú ọbẹ̀ náà láìdáwọ́ dúró. Kẹ́ ẹ tó bu ìrẹsì sí kúlà, ẹ da omi híhó sínú kúlà náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù. Ọbẹ̀ àná, ẹ gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó hó láti àárín, ẹ rò ó, kó tún hó.

Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà pa ilé oúnjẹ dé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í kí ló yẹ ká ṣe sí ìrẹsì tó wà nílẹ̀ láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá ní ká gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń dá a padà sí ìdí abọ́ fífọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.