Orúkọ sáìtì fún ọjà yín: àwọn ìbéèrè tó ti sú mi

Ìbéèrè: Ọ̀gá, wọ́n ti gba domain, ìyẹn orúkọ sáìtì, tí mo fẹ́. Ṣé kí n fi dáàṣì sí i?
Ìdáhùn: Rárá. Ẹ pè é fún èèyàn lórí fóònù kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa dà á rú. Ẹ fi orúkọ àdúgbò yín kún un, àbí kẹ́ ẹ wò ó bóyá .ng tàbí .com.ng ẹ̀ ṣì wà.

Ìbéèrè: Mo ti forúkọ ọjà mi sílẹ̀ ní CAC, ṣé domain náà ti di tèmi nìyẹn?
Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni CAC, ọ̀tọ̀ ni NiRA tó ń mójú tó .ng. Ẹ lọ rà á.

Ìbéèrè: Lẹ́tà ńlá àbí kékeré?
Ìdáhùn: Ìkan náà ni. Ẹ jọ̀ọ́.

Ìbéèrè: Àwọn kọ́sítọ́mà ò rí sáìtì mi, wọ́n sì ní àwọn tẹ orúkọ ẹ̀ dáadáa.
Ìdáhùn: Ẹ jókòó. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Nígbà tí mo ń ta kọ́tìnnì, Ọ̀ṣọ́ Ilé ni mo sọ ọjà mi, mo wá lérí pé mi ò ní kọ Yorùbá láìsí àmì, ni mo bá ra domain tó ní dọ́ọ̀tì nídìí ọ àti ṣ, wọ́n sì tà á fún mi lóòótọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà kan, ó di xn-- pẹ̀lú lẹ́tà wúruwùru lẹ́yìn ẹ̀, obìnrin náà ní kí ọmọ yahoo fi òun sílẹ̀. Mi ò bá a jà, lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà 0 dé 9 àti dáàṣì nìkan ni ètò domain mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmì yòówù kẹ́ ẹ kó wá, xn-- ló máa yí i sí. Mo bá bọ́ gbogbo àmì dànù, mo ra osoile. Àṣé oṣó ilé ni mo rà! Màmá àgbà kan gba káàdì mi, ó kà á sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Oṣó ilé ta ni yìí?" Àwọn tó sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi, oshoile ni wọ́n ń tẹ̀, torí sh ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ ṣ. Ìgbà tí mo yí i sí iletuntun, tí ò ní dọ́ọ̀tì kankan nídìí, ni mo tó sinmi.
Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ ọ́ sórí bébà láìsí àmì, kẹ́ ẹ fún ẹni tí ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà kó kà á sókè. Tẹ́ ẹ bá ti ra orúkọ tó ní ṣ ná, ẹ ra ti s àti ti sh, kí ìkan máa darí èèyàn sí èkejì.

Ìbéèrè: Bọ̀dá tó bá mi ṣe sáìtì ló ra domain náà, ó sì ti japa.
Ìdáhùn: Íméèlì ta ló wà lórí àkáǹtì tó fi rà á? Tó bá jẹ́ tiẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣí lock tí wọ́n fi ti domain náà, kó fún yín ní auth code, ìyẹn kóòdù tẹ́ ẹ máa fi gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Tó bá kọ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi.