Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tó fẹ́ lọ gbafẹ́ létí òkun, ẹ má ṣe bíi tiwa

Fọ́tò la kọ́kọ́ gbà gbọ́. Yàrá tó kọjú sí òkun la rí lórí Instagram la fi sanwó, ìgbà táa dé rìsọ́ọ̀tì ńlá kan lọ́nà Lẹ́kí ni wọ́n mú wa lọ sẹ́yìn, fèrèsé wa sì kọjú sí ilé jẹnẹrétọ̀. Ẹ pè wọ́n kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ irú yàrá tẹ́ẹ máa sùn gan-an sínú rìsíìtì. Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan ló wà lórí àkáǹtì tí wọ́n fún yín, ẹ má fowó ránṣẹ́.

Ọ̀nà ńkọ́? Ìlú Èkó la gbà, gosíló sì fojú wa rí màbo. Ẹ gba Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, kẹ́ẹ já sí Ìjẹ̀bú-Òde, kẹ́ẹ yà sí Ẹ̀pẹ́, ẹ máa dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí láìwọ àárín Èkó rárá. Ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ń gba oúnjẹ wọlé, torí iyán tí màámi gún láti òru, inú búùtù ló kan sí.

Ṣùgbọ́n òkun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí. Àwa tó jẹ́ pé odò Àlà la mọ̀, a rò pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti mọ odi yí ibẹ̀ ká táa sì ti sanwó, omi náà ti rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa nínú swimming pool. Omi ò ju orókún ẹ̀ lọ, ìgbì kan wá, bó ṣe ń padà ni yanrìn ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fa ẹní lábẹ́ èèyàn, kó tó ké "Màámi!" omi ti dé àyà ẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ etí omi ló bẹ́ sí i tó di apá ẹ̀ mú. Bàtà rọ́bà ẹ̀ nìkan lomi rí gbé lọ, mo dúpẹ́.

Ọkùnrin náà ló wá ṣàlàyé fún wa pé omi tí ìgbì bá gbé wá sí èbúté gbọ́dọ̀ padà, ojú kan ló sì máa ń gbà sáré bí odò. Ibi tó dákẹ́ láàrin ìgbì méjì, tẹ́ẹ máa rò pé ibẹ̀ ló dáa fọ́mọdé, ibẹ̀ gan-an lomi náà ń gbà padà. Tó bá fà yín, ẹ má bá a jìjàdù pé ẹ fẹ́ wẹ̀ wá sí èbúté tààrà, ó máa rẹ̀ yín ni, ẹ wẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ máa fi kúrò lójú ẹ̀, ẹ wá yà padà. Tí wọ́n bá ta àsíá pupa, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọlé. Tẹ́ẹ bá ti mu bíà náà, ẹ jókòó sórí yanrìn.

Tí olùṣọ́ bá ti lọ sílé nírọ̀lẹ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, tí wọ́n bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún.