Bí a ṣe ń gbé dúrọ́ọ̀mù wáyà iná ńlá, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ síbi iṣẹ́

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù wáyà iná, ìyẹn àgbá onípákó ńlá tí wọ́n ká wáyà mọ́, kí ó kọ́kọ́ wo pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìyẹn pákó róbótó méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń ya ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tí a gbọ́dọ̀ yí i sí. Bí a bá yí i lòdì sí ọfà yìí, wáyà inú rẹ̀ yóò dẹ̀, ìká kan yóò sì bọ́ sábẹ́ èkejì, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fà á, ṣe ni yóò há. Ìwọ̀nba mítà díẹ̀ ni kí a fọwọ́ yí i, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le.

Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ lo fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń fi irin gbọọrọ méjì gbé ẹrù. Ẹ̀gbẹ́ ni kí irin rẹ̀ méjèèjì ti wọlé, kí wọ́n sì gùn tó láti gbé pákó méjèèjì, nítorí bí ṣóńṣó irin bá dúró láàárín, wáyà ni yóò gún. Ẹ má ṣe ti dúrọ́ọ̀mù láti orí tírélà sórí táyà àtijọ́, bó ti wù kí iṣẹ́ kán yín lójú tó.

Ní ti ìtọ́jú, òòró ni kí ó wà, kí etí pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kan ilẹ̀. A kì í dà á dùbúlẹ̀. Ẹ fi igi wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn igi tó nípọn lápá kan tó sì tín-ín-rín lápá kejì, há a níwájú àti lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, pákó ẹ̀gbẹ́ ni kí ó kọjú sí ìsàlẹ̀, kí ó má baà lè yí. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ méjì há, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí lórí amọ̀ pupa lẹ́yìn òjò àárọ̀ kan. Ọmọ iṣẹ́ kan ti fi èjìká tì í, ó fẹ́ dá a dúró, àfi bí ọ̀gá wa ṣe gbá ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, tó fà á kúrò. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni dúrọ́ọ̀mù náà lọ wó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sá fún un, ògiri ṣeé tún mọ.

Ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀ nítorí omi àti ikán. Nígbàkígbà tí ẹ bá gé nínú wáyà náà, ẹ fi ìdérí dí ẹnu ibi tí ẹ gé kí omi má baà wọ inú rẹ̀, ẹ so ẹnu náà mọ́ pákó ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tó kan àwọn pákó ìbòrí tó yí wáyà náà ká padà.