Bí mo ṣe kó ehoro mi kúrò nínú àgò

Òwú, ehoro mi, ki eyín bọ̀ mí lọ́rùn ọwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo na ọwọ́ sínú àgò rẹ̀ láti gbé abọ́ omi, bí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́, ló bá kùn, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbá mi, ó sì gé mi jẹ. Ẹni tó tà á fún mi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ehoro tó bá ń gé ènìyàn jẹ, ìkà ni, kí n máa gbá a nímú. Inú mi dùn pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló là mí lójú. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e lé itan, mo yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Irun ti re tán níbi gìgísẹ̀. Awọ ibẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ojú kan sì ti fẹ́ bó. Ajá àti ológbò ní ẹran tó nípọn tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ehoro kò ní, irun nìkan ló fi ń tẹlẹ̀. Wáyà lásán sì ni ilẹ̀ àgò tí mo fi í sí, kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́ sísàlẹ̀. Èmi tí mò ń palẹ̀ mọ́ ni wáyà yẹn rọ̀ lọ́rùn. Oṣù mẹ́rin ni Òwú fi dúró lórí rẹ̀. Dókítà ẹran fún wa lóògùn, ó ní oògùn náà kò ní ṣiṣẹ́ bí n kò bá tún ilé ṣe.

Igun kan nínú pálọ̀ ni mo yọ̀ǹda fún un. Rabbit Welfare Association & Fund, ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ehoro jẹ lógún, ní kí ààyè ehoro méjì má dín sí mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní ìbú àti mítà 1 ní gíga. Ibi tí mo ní kò gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo pinnu pé yóò máa jáde rìn káàkiri pálọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìgbà tí ara ehoro máa ń yá jù. Ọgbà wáyà tó ṣeé ká, irú èyí tí wọ́n fi ń sé ọmọ ajá mọ́, ni mo rà. Sẹ̀ǹtímítà 60 ni gíga rẹ̀, Òwú sì fò ó kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fi ti 90 pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nítorí pé táìsì ń yọ̀ ọ́, mo sì fi ẹsẹ̀ ọgbà tẹ etí kápẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀ kí Òwú má baà rí ibi jẹ. Páálí ńlá kan ni yàrá rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni mo gé sí i lára, torí ẹran tí ọ̀pọ̀ ẹranko ń dọdẹ kì í fọkàn balẹ̀ nínú ihò ọlọ́nà kan. Wáyà iná ńkọ́? Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ge okùn ṣájà mi, bí ìgbà tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ gba sùúrù. Ehoro fẹ́ràn láti máa tọ̀ sójú kan, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ọ kí n tó gbé abọ́ ike fífẹ̀ sí igun tó yàn fúnra rẹ̀. Bébà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì rọ ní wóró-wóró ni mo dà sí i. Ẹ má lo iyanrìn ológbò tó máa ń dì, torí bí ehoro bá gbé e mì, inú rẹ̀ ni yóò ti dì. Mo wá kó koríko gbígbẹ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan abọ́ náà, nítorí bó ṣe ń jẹun ló ń ṣu. Ó ń lọ dáadáa títí mo fi fi ọṣẹ olóòórùn fọ gbogbo rẹ̀ láìku nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, kápẹ́ẹ̀tì ló tọ̀ sí. Òórùn ara rẹ̀ ló fi ń mọ ilé, mo sì ti fọ̀ ọ́ dànù. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi bébà tútù díẹ̀ àti ìgbẹ́ bíi mélòó kan sílẹ̀ nínú abọ́.

Mo tún ní kí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀, torí jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ lára abo ehoro tí a kò bá ṣe é fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀.

Àmọ́ ọwọ́ mi gan-an ni mo ní láti tún kọ́. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ehoro wà. Ó ń rí òkè, ó ń rí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í rí ohun tó wà níwájú imú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti ń yọ sí i lójijì láràárọ̀, nínú àgò tí kò ti lè sá. Mo dẹ́kun gbígbé abọ́ nígbà tó bá wà nítòsí rẹ̀. Mo ń jókòó sílẹ̀, mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń gba òkè iwájú orí fọwọ́ pa á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kó tó sún mọ́ mi fúnra rẹ̀, tó fi àgbọ̀n ra orúnkún mi, bó ti ń ra ohun gbogbo tó kà sí tirẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, koríko gbígbẹ ló pọ̀ jù, kó wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù, koríko ló ń lọ̀ ọ́ kó má baà gùn jù. Ẹ dákun, bí ehoro yín kò bá fẹnu kan nǹkan fún wákàtí 12, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ìfun rẹ̀ bá dúró, kì í pẹ́ pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ gbì. Òwú ti ṣubú fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà gbọọrọ, kò mira. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyà mi ń já. Ó gbé etí kan sókè, ó wò mí, ó tún fi orí lélẹ̀. Oorun ló ń sùn. Kò sùn bẹ́ẹ̀ rí nínú àgò. Mo jókòó tì í, mo sì rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láìgbé e: irun ti hù bò wọ́n.