Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Àríyànjiyàn Lórí Ínfátà, Sólà àti Jẹnẹrétọ̀ ní Ìkòròdú

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí ibi tí èèyàn máa jókòó sí ní Ìkòròdú tí wọn kò ní máa jiyàn lórí iná. Ẹ dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ní Sábó, ẹ dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣáájì bátìrì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnìkan ní ínfátà ló dára. Èkejì ní jẹnẹrétọ̀ ò ní jáni kulẹ̀. Ẹ̀kẹta ní aládùúgbò òun ra sólà, kò pé ọdún tó fi dákú. Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn yẹn gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́ ohun tí wọn kò kọ́ níléèwé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ni wọ́n sábà ń gbà gbọ́, tí wọ́n á sì torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kó owó àjọ àti owó iléèwé ọmọ jáde lọ ra ohun tí kò bá ilé wọn mu. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ló ṣeé kà, tó sì ṣeé wọ̀n.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbin. Kò sí àríyànjiyàn iná tí a máa ṣe níbí tí ẹnìkan ò ní sọ pé, "Ẹ̀gbin wà lẹ́yìnkùlé wa, a sì tún ń wá iná." Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin, lápá Ìjẹ̀dẹ́, lè pèsè tó 1,320 mẹ́gáwọ́ọ̀tì bí ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣiṣẹ́, gáàsì ló sì ń lò. Ṣùgbọ́n iná tó bá ti ibẹ̀ jáde kì í ya ilé ẹnikẹ́ni. Orí wáyà ńlá tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ ló ń gbà, Òṣogbo sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí rẹ̀ wà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná yàtọ̀ sí ẹni tó ń pín in dé ojúlé. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ máa ń kọ ìwé ẹ̀sùn sí ibi tí kò yẹ, kò sì ní rí ìdáhùn kankan gbà.

Ẹ má fi kVA ra iná

Èyí ni mo ń gbọ́ jù. Ẹnìkan á béèrè ínfátà tó yẹ kí òun rà, wọ́n á dá a lóhùn pé, "Lọ ra 3.5kVA, ó máa gbé gbogbo ilé ẹ." Ìdáhùn yẹn kò tíì sọ nǹkan kan. kVA ń sọ iye ẹrù tí ínfátà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sọ iye wákàtí tó máa fi gbé e. Bátìrì ló ń pinnu ìyẹn. Bí ẹnu ẹ̀rọ omi bá fẹ̀ tó báwo, kò ní kí omi pọ̀ nínú tánkì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìgbógbó. Fáànù mẹ́rin wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 60. Gílóòbù LED mẹ́fà, wọ́ọ̀tì 9 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n àti dekódà rẹ̀, wọ́ọ̀tì 100. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọn kò pé wọ́ọ̀tì 400, ínfátà 1kVA á gbé e wẹ́rẹ́. Ẹ wá fi wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀. Fáànù fún wákàtí 8 lóru: 240 lọ́nà 8, ó di wọ́ọ̀tì-wákàtí 1,920. Gílóòbù fún wákàtí 5: 270. Tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí 4: 400. Ó di 2,590 láti ìrọ̀lẹ́ sí àárọ̀, a ò sì tíì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Bátìrì olómi tí àwọn tó ń tà á ń pè ní túbúlà, 220Ah (áńpì-wákàtí 220), fóltì 12, gba 2,640 tí ẹ bá sọ 220 di púpọ̀ lọ́nà 12. Ibẹ̀ ni olùjiyàn á ti ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹyọ kan ti tó." Kò tó. Tí ẹ bá fẹ́ kí bátìrì olómi pẹ́, ìdajì ni ẹ lè máa fà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn 1,320. Bátìrì méjì gan-an, agbára káká ló fi máa dé àárọ̀, àfi tí ẹ bá pa fáànù kan. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra ínfátà jókòó ṣe irú ìṣirò yìí lórí tákàdá kó tó bá ẹnikẹ́ni nájà. Ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ wọ́ọ̀tì rẹ̀ sí, lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀.

Pọ́ǹpù sumo àti fíríìsà tún ní ti wọn lọ́tọ̀. Pọ́ǹpù oní-1HP ń jẹ wọ́ọ̀tì 750 ó kéré tán tó bá ti ń lọ, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ínfátà kan fi máa ń ké tí yóò sì pa ara rẹ̀, tí wọ́n á wá ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

"Jẹ́ kó gbẹ tán kó o tó ṣáájì"

Ìmọ̀ràn yìí ti ba bátìrì jẹ́ ju ohunkóhun tí mo mọ̀ lọ. Ó ní ibi tó ti wá. Bátìrì nickel-cadmium, tí Waldemar Jungner ará Sweden ṣe ní 1899, tó wá wọ́pọ̀ nínú rédíò àti fóònù àtijọ́, ni wọ́n máa ń sọ fún èèyàn pé kó lò gbẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́ wa, ìmọ̀ràn rẹ̀ ni kò kúrò. Fóònù tí ẹ fi ń ka èyí, bátìrì lithium ló wà nínú rẹ̀, irú tó dé ọjà ní 1991, ó sì fẹ́ràn kó wà láàárín ìdá 20 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ju kó máa kú tán lọ.

Ti bátìrì olómi tún burú sí i. Irú tí Gaston Planté ará Faransé ṣe ní 1859 náà ni, òjé àti ásíìdì. Bí iná inú rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, iyọ̀ funfun kan máa ń bo àwo òjé yẹn. Tí ẹ bá tètè ṣáájì rẹ̀, iyọ̀ náà á yọ́ padà. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọjọ́ mélòó kan, á le gbagidi, apá àwo yẹn kò sì ní gba iná mọ́ láéláé. Ẹ ra mọltimítà kékeré, kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi díẹ̀, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n: bíi 12.7 fóltì, ó kún, bíi 12.2, ó ti dé ìdajì, ẹ pa á. Tó bá ti ń sún mọ́ 11.8, ẹ ti ń jẹ ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn.

Omi tó bá dínkù nínú rẹ̀, omi bátìrì, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò, ni kí ẹ fi dí i. Píọ̀ wọ́tà kọ́, omi kànga kọ́, torí èròjà inú omi mímu á di ẹrù sí àwo òjé lára. Ásíìdì náà kọ́: omi ló ń gbẹ lọ, ásíìdì kò lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ń da ásíìdì tuntun sí i ń mú kó le jù ni. Ẹ má sì gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn, torí ó ń tú gáàsì haidirójìn tó lè gbaná sílẹ̀ nígbà tó bá ń gba ṣáájì.

Ẹni tó bá ra lithium, kó má fi ètò ṣáájì ti bátìrì olómi ṣáájì rẹ̀. Kó lọ yí i padà nínú ínfátà lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀.

Ooru kọ́ ni sólà ń jẹ

"Pẹ̀lú oòrùn tó wà ní Ìkòròdú yìí, pánẹ́ẹ̀lì kan ti tó." Ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń sọ di iná. Ooru ń dá a lágara ni. Ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi ń dán an wò kí wọ́n tó kọ wọ́ọ̀tì sí i lára. Lórí páànù wa lọ́sàn-án gangan, ara rẹ̀ lè kọjá 60, ó sì máa ń pàdánù bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù pẹ́típẹ́tí ń fi owó ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìṣirò rẹ̀ náà kò le. Ní Èkó, ká fi wákàtí bíi mẹ́rin oòrùn kíkún lójúmọ́ ṣe òdiwọ̀n, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ nígbà òjò. Pánẹ́ẹ̀lì 400 wọ́ọ̀tì, lọ́nà mẹ́rin, 1,600. Ẹ yọ ohun tí ooru, eruku àti wáyà máa jẹ, ó kù bíi 1,200. Ilé Ìgbógbó wa yẹn nílò mẹ́ta kó tó lè dí ohun tó jẹ lóru padà. Gúúsù ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí, torí òkè ìlà agbedeméjì ayé ni a wà, kí ó dagun díẹ̀, bíi ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kọjú rẹ̀ sí títì kí àwọn èèyàn lè rí i.

Òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan péré, tàbí ti tánkì omi, tó bá ṣubú lé igun rẹ̀ lè fa agbára gbogbo pánẹ́ẹ̀lì náà wálẹ̀, kódà ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ so pọ̀. Ẹ gorí òrùlé lọ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó kan ìṣó kankan.

Wáyà tí kò tó

Wọ́ọ̀tì 1,000 lórí bátìrì fóltì 12 túmọ̀ sí áńpì tó lé ní 83 nínú wáyà. Lórí fóltì 48, kò ju bíi 21 lọ. Ooru inú wáyà kì í sì í pọ̀ ní ìbámu lásán: tí áńpì bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ bi oníṣẹ́ iná léèrè bí wáyà tó fẹ́ lò ṣe nípọn tó, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀. Tó bá pupa dé inú, bàbà ni. Tó bá funfun lábẹ́ awọ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò lè gbé ohun tí bàbà ń gbé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó tán, ẹ jẹ́ kí ẹrù wà lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ wá fọwọ́ kan ike ara wáyà nítòsí ibi tí wọ́n ti dè é. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dúró níbẹ̀, ẹ pa á, ẹ pè wọ́n padà lọ́jọ́ náà. Fúùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì. Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, kó má ṣiṣẹ́ nílé yín.

Gbólóhùn kan wà tó ń pa gbogbo ìbéèrè báyìí lẹ́nu mọ́: "Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, tèmi ò sì ṣe nǹkan kan." Mo máa ń bi ẹni tó bá sọ ọ́ pé fáànù mélòó, wákàtí mélòó, ọdún mélòó. Nígbà míì ẹ máa rí i pé gílóòbù mẹ́ta àti fóònù ló ń lò ó fún, ẹni tó sì ń gbà nímọ̀ràn ní fíríìsà ẹja méjì ní ṣọ́ọ̀bù.

Jẹnẹrétọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, owó ló ń gbà. Èyí ń gba ẹ̀mí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, síbẹ̀ mo ti bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí irú ọ́ọ̀lì tó yẹ jẹnẹrétọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì wà lábẹ́ fèrèsé yàrá ọmọ, nítorí olè.

Gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tó ń jáde nídìí rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Èéfín tí ẹ ń rí tí ẹ sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yàtọ̀ sí i, nítorí náà "kò kúkú ṣe èéfín" kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá ti sùn kì í jí láti sá. Ṣíṣí fèrèsé kò tó, fáànù kò tó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní ihò atẹ́gùn náà kò tó. Ìta gbangba ni ààyè rẹ̀, jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà tiyín àti ti aládùúgbò, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ ṣe àgò onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ sí ìta fún un.

Ẹ má sì fi wáyà olórí méjì ki iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Iná yẹn lè gba wáyà NEPA padà jáde, kí tiransifọ́ọ̀mà sì sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì sórí ẹni tó wà lórí òpó. Ṣéńjì-ófà, ìyẹn súwíìsì tí kì í jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ àti ti NEPA pàdé, ni kí wọ́n fi sí i.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń ní ẹ̀fọ́rí, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, pàápàá tó bá ń ṣe ju ẹnìkan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe rò pé ibà ni. Ẹ kó gbogbo èèyàn bọ́ síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹnìkan pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ má fún wọn ní epo pupa, ẹ má fún wọn ní mílíìkì. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì náà wà, kò sí nínú ikùn, ẹni tí kò mọra rẹ̀ sì lè fà á sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọ́síjìn ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn, kí ẹ sì sọ fún dókítà ní ẹnu ọ̀nà pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n sùn sí.